Erékùṣù kan ti tó: bí mo ṣe ń ṣètò ìsinmi etíkun ní Gíríìsì

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ọkọ mi lọ sí Gíríìsì, erékùṣù mẹ́rin la há sínú ọjọ́ mẹ́jọ: Santorini, Ios, Paros, Mykonos. Èbúté la ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìsinmi ọ̀hún, tí a jókòó lórí àpótí wa, tí oòrùn ń sè wá. Nígbà tó di ọjọ́ tí a fẹ́ padà, afẹ́fẹ́ líle dé, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò ní Mykonos, bààlú wa sì gbéra ní Áténì láìsí wa nínú rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun méjì tí a san ló kọ́ mi lọ́gbọ́n tí mo fẹ́ pín fún yín yìí.

Ẹ mú oṣù kí ẹ tó mú erékùṣù. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní meltemi máa ń fẹ́ láti àríwá wá sórí òkun Aegean. Kò jọ ìjì tiwa tí ojú ọ̀run máa ń ṣú kó tó dé. Oòrùn á ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ á gbé agboorùn yín lọ bá ẹlòmíì, á sì máa fi yanrìn na yín lójúgun. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi. Bó bá ti le tó ipele 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun á ní kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ má kúrò ní èbúté. Ẹni tó bá rántí bí ìjì ṣe gbá ọkọ̀ àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kúrò létí Kírétè kò ní bá ọ̀gá ọkọ̀ jà.

Yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni àjọ̀dún Màríà Wúńdíá. Àwọn ará Gíríìsì fúnra wọn á ti tú sí àwọn erékùṣù, Tinos ní pàtàkì, tí àwọn olùjọ́sìn máa ń ya lọ. Oṣù kẹsàn-án ni èmi máa ń lọ: omi òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí oòrùn tó ti ń pa á láti ìgbà pípẹ́, èrò ti dínkù, owó yàrá náà sì ti ń rọlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù kọkànlá o. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì á ti tì.

Ó wá ku erékùṣù. Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń kan ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Naxos. Etíkun Agios Georgios kò jìnnà sí èbúté rárá, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹ ó sì rìn wọnú omi títí kó tó dé àyà yín. Agios Prokopios, Agia Anna àti Plaka tò tẹ̀ léra ní ìwọ̀ oòrùn, bọ́ọ̀sì sì ń lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lórí omi ló ni Mikri Vigla, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Santorini lẹ́wà, mi ò jiyàn, àmọ́ kì í ṣe ibi tí mo ti máa lọ wẹ òkun. Orí òkè gọngọ ni àwọn ilé funfun inú fọ́tò wà. Òdìkejì erékùṣù náà ni etíkun Perissa àti Kamari wà, yanrìn wọn sì dúdú nítorí òkè ayọnáyèéfín. Bó bá di ọ̀sán, ẹ̀yin àti iná àdògán ni. Ọjọ́ méjì tó fún un. Kírétè ní tirẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 260, nítorí náà ẹ mú apá kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ lọ sí Lefkada, afárá ló so ó mọ́ ilẹ̀.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Áténì, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ń lọ tààrà sí èbúté Piraeus. Èbúté yẹn tóbi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì jìnnà síra, torí náà ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó máa wọ́ àpótí kiri. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó mọ́tò máa ń lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún dé Naxos. Àwọn tó ń sáré yá jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n, wọ́n ń mì, àwọn ni afẹ́fẹ́ sì máa ń kọ́kọ́ dá dúró. Ọkọ̀ ńlá ni mo mọ̀. Bó ti wù kó rí, ẹ padà sí Áténì ní ọjọ́ kan ṣáájú bààlú yín. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yóò gba fíísà Schengen, ìyẹn fíísà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú; iye rẹ̀ di yúrò 90 ní 2024, ìbánigbófò ìrìn-àjò yín sì gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Yàrá tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà ni kí ẹ gbà kí fíísà tó jáde.

Ẹ mú bàtà omi dání. Ohun kan wà lára àpáta abẹ́ omi níbẹ̀ tó dà bí ọmọ òòrẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í fẹ́ jáde lẹ́sẹ̀. Ẹ mú ìpara oòrùn náà, àwọ̀ dúdú kò ní kí oòrùn má jó wa. Ẹ má ju bébà sínú ihò ṣáláńgá ìgbàlódé wọn, agbọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Ẹ béèrè iye owó àga etíkun kí ẹ tó nà gbalaja lórí rẹ̀, torí ìlà iwájú máa ń wọ́n ju tẹ̀yìn lọ. Bí ẹ bá sì bi ẹni tó ń yá a bóyá ó ṣófo, tó ní “ne”, ẹ jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé àpò mi kúrò, tí mo rò pé “nó” ló ń wí, kí obìnrin kan tó rẹ́rìn-ín fà mí lápá: “bẹ́ẹ̀ ni” ló ń jẹ́.