Bí a ṣe ń mú akàndá ẹ̀dá lọ wo òkè àti ihò àpáta

Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wo ẹ̀gbọ́n mi lórí àga oníkẹ̀kẹ́ wọn, ó wo àtẹ̀gùn, ó ní, “Kò sí wàhálà, àwọn ọmọkùnrin á pọ̀n wọ́n.” Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọdún 50, wọ́n sì ti ní ọmọọmọ. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́, ká yí mọ́tò padà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti pe ibẹ̀ lórí fóònù ṣáájú, mo béèrè bóyá akàndá ẹ̀dá lè wọlé, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Irú ìbéèrè yẹn, “bẹ́ẹ̀ ni” náà ni gbogbo èèyàn máa ń dá a lóhùn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí.

1. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ lọ

Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó ń ti àga. Ẹlòmíràn lè fi ọ̀pá rin ìṣísẹ̀ 10 kó tó jókòó padà, ẹlòmíràn kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá. Ẹnìkan fẹ́ dé ṣóńṣó òkè; ẹnìkan kàn fẹ́ jókòó sábẹ́ àpáta, kó jẹ àgbàdo sísè, kó máa wo èrò. Ẹ béèrè bóyá ó gbà kí wọ́n gbé òun, àti ẹni tó gbà kó gbé òun. Tó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí.

2. Ẹ pe ibẹ̀, nọ́ńbà ni kí ẹ sì béèrè

Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ibi tí mọ́tò ń dúró sí dé ẹnu ọ̀nà? Báwo ni ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Àga oníkẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70, nítorí náà ilẹ̀kùn tí kò tó 80 lè ha ẹni tó ń yí táyà lọ́wọ́. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò kì í sọ pé “kò sí wàhálà.”

Ẹ jẹ́ ká mú Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ihò tí wọ́n gbé àti ojú ọlọ tí wọ́n ti ń lọ nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ṣí i ní 2006, wọ́n fi lífítì kún un. Àwọn kan á gbọ́ “lífítì,” wọ́n á di ẹrù. Ẹ dúró ná. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí? Tí iná bá lọ nígbà tí a wà lókè, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà tó lè gbé e? Ibo ló ń já wa sí, àtẹ̀gùn mélòó ló sì kù láti ibẹ̀? Orí àpáta kò tẹ́jú rárá.

Ẹ má tijú béèrè. Ní Carlsbad Caverns ní ìpínlẹ̀ New Mexico, Amẹ́ríkà, lífítì ń gbé àlejò sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 230 sínú ihò, apá kan ọ̀nà inú rẹ̀ sì gba àga oníkẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá lífítì ń ṣiṣẹ́ kó tó gbéra.

Òkè Ìdànrè ńkọ́? Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, tàbí kí ẹ yan ibòmíràn. Lekki Conservation Centre ní Èkó ní ọ̀nà pákó láàárín igbó àti irà, ìyẹn sàn fún táyà ju òkè lọ, bí pákó rẹ̀ bá ṣì pé. Afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401 kì í ṣe ti àga oníkẹ̀kẹ́ ní tiẹ̀.

3. Ẹ gbé pákó dání

Orí pákó yìí ni àga á gbà gun àtẹ̀gùn. Ìṣirò àwọn akọ́lé ni pé bí nǹkan bá ga ní 1, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò gùn ní 12. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 ń fẹ́ pákó tó gùn ní mítà 1.8. Tó bá di àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó ti kọjá pákó tó lè wọ mọ́tò.

4. Ẹ tọ́jú àga, ẹ tọ́jú ara

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé àga lọ sọ́dọ̀ fọ́ganáísà kó wo táyà, kí ẹ sì dán búréèkì wò. Ẹ mú tìmùtìmù dání. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ lè jókòó títí egbò á fi bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀. Kó máa gbé ara sókè tàbí kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30 kọ̀ọ̀kan. Oòrùn náà ńkọ́? Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa lè má làágùn láti ibi tó ti fara pa lọ sí ìsàlẹ̀, ooru á sì tètè mú un ju yín lọ. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú omi àti aṣọ tútù fún ọrùn.

5. Tí ẹ bá débẹ̀

Ẹ má fọwọ́ kan àga láìsọ fún ẹni tó wà lórí rẹ̀. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń lọ sísàlẹ̀, ẹ yí àga padà, kí ẹni tó dì í mú wà nísàlẹ̀, kó máa fẹ̀yìn rìn, kí ẹni tó jókòó má baà dà síwájú. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e, irin ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ibi ìgbápálé àti ìfẹsẹ̀lé máa ń yọ; ojú mi ti rí i.

Ẹni tí kò ríran, ẹ má fà á, ẹ má tì í. Ẹ jẹ́ kó di ìgunpá yín mú, kí ẹ ṣíwájú díẹ̀. Ẹ sọ fún un kí àtẹ̀gùn tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, kí ẹ sì kìlọ̀ níbi tí àpáta ti rẹlẹ̀, torí ilẹ̀ ni ọ̀pá funfun ń wò, kì í wo òkè. Ẹ bẹ afinimọ̀nà kó jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú ọlọ àtijọ́ yẹn. Àwa tá a ríran kàn ń ya fọ́tò rẹ̀, a sì ń kọjá lọ.

Ní ti ẹni tí kò gbọ́ràn, òkùnkùn ihò ló ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lójú, torí ojú ló fi ń gbọ́. Kí afinimọ̀nà sọ ìtàn tán níta kí ẹ tó wọlé, tàbí kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ ògbufọ̀ tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ fún un.

6. Tí ẹ bá délé

Ẹ kọ iye àtẹ̀gùn, ìbú ilẹ̀kùn àti ibi tí lífítì já yín sí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tún fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá fún àwọn ilé tó wà fún gbogbo ìlú ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní January 2024. Ẹ kọ déètì yẹn sínú lẹ́tà.