Bí mo ṣe fẹsẹ̀ gun Shimla, ìlú tí òyìnbó ń sá ooru lọ

Ooru Chandigarh, níbi tí mo ti ń kàwé ní Íńdíà, ló lé mi kúrò nílé. Oṣù Karùn-ún ni, fáànù ń fẹ́ ooru sí mi lára, mo bá ní kí n lọ wo ibi tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń sá lọ nígbà tiwọn. Láti 1864 ni wọ́n ti fi Shimla ṣe olú-ìlú ìgbà ooru. Lọ́dọọdún ni ajẹ́lẹ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní Viceroy, àwọn akọ̀wé rẹ̀ àti ẹrù fáìlì wọn ń gbéra láti Calcutta, tó jẹ́ olú-ìlú Íńdíà nígbà náà, tí wọ́n ń gun òkè lọ.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré láàárọ̀ ní Kalka, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. 1903 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 762 lọ. Ihò abẹ́ òkè tó ń gbà kọjá lé ní 100. Mo ń kà wọ́n, àmọ́ nígbà tí a wọ ihò Barog, tó gùn ju kìlómítà kan lọ, oorun gbé mi lọ, ìṣirò bá dàrú.

Mọ́tò kì í wọ Mall Road, ojú ọ̀nà ńlá Shimla, ẹsẹ̀ ni. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí aláàárù kan ṣe pọn ìgò gáàsì sẹ́yìn, tó sì kọjá lára mi wẹ́rẹ́. Irú wọn wà lára àwọn tó ń gbé ẹrù òyìnbó débẹ̀ kí ojú irin tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Viceregal Lodge, ilé tí Viceroy ń gbé nígbà náà, tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì lágbára, nítorí ìparí ìlú ló wà. Ilé òkúta ni. Viceroy Lord Dufferin ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, ní 1888, iná mànàmáná sì ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Ìwọ̀nba yàrá ni wọ́n fi hàn wá, ẹni tó sì ń mú wa kiri ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Mo dúró pẹ́ níbi àwọn àwòrán àtijọ́. Ní 1945, Wavell tó jẹ́ Viceroy pe àwọn olórí Íńdíà jọ síbẹ̀. Azad ṣojú Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Íńdíà. Gandhi wà ní ìlú, àmọ́ kò bá wọn jókòó. Jinnah, olórí ẹgbẹ́ Muslim League, ní ẹgbẹ́ òun nìkan ló lè yan Mùsùlùmí sí ìgbìmọ̀ ìjọba, bí ìpàdé ṣe fọ́n ká nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún 1947, Nehru, olórí Congress mìíràn, wá ṣe àlejò Mountbatten, Viceroy tó kẹ́yìn, nínú ilé kan náà. Mountbatten rọra fi ètò bí wọn yóò ṣe gbé ìjọba sílẹ̀ hàn án lálẹ́, Nehru sì fárígá. Wákàtí díẹ̀ ni V. P. Menon, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba Mountbatten nímọ̀ràn, fi kọ ètò mìíràn. Ilẹ̀ tó tóbi tó yẹn! Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi jáde.

Gandhi ti ní tirẹ̀ sọ láti 1921: ó fi ìjọba tó wà lókè Shimla wé oníṣọ́ọ̀bù tó lọ jókòó sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà 500. Orúnkún mi jẹ́rìí sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo dojú kọ òkè Jakhu. Lójú ọ̀nà ni Rothney Castle wà, ilé A. O. Hume, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Congress sílẹ̀ ní 1885. Ìta ni mo ti wò ó. Ọ̀gbẹ́ni yìí kó òkú ẹyẹ jọ láti gbogbo Íńdíà, ó sì ń kọ ìwé ńlá nípa wọn, àfi bí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe kó ìwé náà lọ tà lọ́jà gẹ́gẹ́ bí ìwékúwèé. Mo rántí ìwé tí wọ́n fi ń wé àkàrà fún wa nílé. Hume kò kọ ìwé náà mọ́. Ó kó àwọn ẹyẹ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn ọ̀bọ ló ni orí Jakhu, nítòsí ilé Hanuman, òrìṣà Híńdù tó ní ìrísí ọ̀bọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n bọ́ awò ojú mi, mo ṣorí kunkun. Ọ̀kan fò láti ẹ̀yìn, ó já a gbà, ó gun òrùlé. Ọmọkùnrin kan ju ẹ̀pà sí i, ọ̀bọ náà sì ju awò sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí mi fún owó ẹ̀pà rẹ̀. Mo san án, mo fi awò sápò, mo sì ń táràrà sọ̀ kalẹ̀.