Bẹ́ ẹ ṣe lè kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ ṣe ọ̀wẹ̀ etíkun, tó sì máa yé wọn

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà létí òkun, láti Badagry dé Ìbẹ̀jú-Lekki títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Ká kó ìdọ̀tí, ká ya fọ́tò, ká relé, ìyẹn nìkan ò tó. Káwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n ṣà àti ibi tó ti wá, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ rárá, ẹ lọ rí baálẹ̀ àtàwọn apẹja. Àwọn ló mọ ibi tí omi ti ń fa èèyàn lọ àti ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ tí wọn kì í wọ òkun, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú, wọ́n á ráyè bá yín ṣe é. Sátidé kẹta nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe é káàkiri àgbáyé, June 8 sì ni ọjọ́ òkun lágbàáyé, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló dáa jù.

Mọ́tò tó máa kó ìdọ̀tí lọ ni kẹ́ ẹ wá kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó máa ṣà á o. Nígbà àkọ́kọ́ tá a ṣe é, ẹni tó ṣèlérí mọ́tò ò yọjú, a to àpò ìrẹsì tá a kó ìdọ̀tí sí jọ sétí omi, a ní tó bá di Mọ́ńdè wọ́n á wá kó o, kó tó di Mọ́ńdè ajá ti fa púpọ̀ ya, ìgbì ti gbá ìyókù padà sínú òkun, àwọn ọmọ tó fi gbogbo àárọ̀ ṣà á sì ń wò ó. Ó dùn mí dọ́ba.

Lọ́jọ́ náà, ẹ tètè dé láàárọ̀, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Kí gbogbo èèyàn wọ bàtà àti ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò kì í ṣe nǹkan ọmọdé, tí wọ́n bá rí i kí wọ́n pe àgbà. Ẹ fa okùn sílẹ̀, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kọjá okùn yẹn lọ sápá omi, òkun Èkó kì í ṣe odò ìwẹ̀.

Ẹ wọn ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kẹ́ ẹ pín àwọn ọmọ ní mẹ́rin mẹ́rin, méjì á ṣà, ọ̀kan á gbé àpò, ọ̀kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀: náílọ̀n píọ́ wọ́tà, ìdérí ike, àgékù àwọ̀n, àgékù sìgá. Ohun kan tí wọ́n bá ṣà, kó fa ìlà kan; ìlà mẹ́rin, kó fi ìkarùn-ún dábùú wọn, ó di márùn-ún, ó tán. Àtọdún 1986 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀wẹ̀ yìí ní Texas ni wọ́n ti ń ka ohun tí wọ́n ṣà. Ìjọba Èkó ti fòfin de fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ láti January 2024, torí náà ẹ ka ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bá káńsù sọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ tó túká, ẹ bu omi òkun sínú báṣíà, ẹ ju náílọ̀n funfun kan sí i. Ẹ bi wọ́n pé kí ló jọ. Ẹran omi kan wà tó ń rọ̀ yọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, òun ni ìjàpá òkun ńlá kan ń jẹ, bó bá rí náílọ̀n á gbé e mì, kò sì ní lè dà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé èyí.

Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹta ọdún kejì, ìjàpá òkun máa ń gun iyanrìn wa lóru wá yé ẹyin. Tẹ́ ẹ bá rí ipa rẹ̀, ẹ má fi réèkì wa ibẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò tàbí ọ̀kadà gorí ẹ̀, ẹ má sì yí ẹyin, ọmọ inú ẹ̀ lè kú. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù létíkun, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n paná tó kọjú sómi, torí ìmọ́lẹ̀ lọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń tẹ̀ lé, á rò pé òkun ni, á wá gba títì lọ.

Ìwé tẹ́ ẹ kọ yẹn, kí ọmọ kan kà á sókè lójú baálẹ̀ àtàwọn ìyá tó ń ta píọ́ wọ́tà, kẹ́ ẹ wá lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ padà síbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ kà á bóyá ó dín.