Odò wa, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti omi gbágùúdá: bí a ṣe tún un ṣe

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí létí odò àdúgbò wa. Òun àti ike ẹlẹ́rìndòdò àti ọ̀rá dúdú ọjà ti dí ihò kọ́fáàtì tó gba abẹ́ títì kọjá, ojúoró sì bo ibi tó kù. Nígbà tí CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé ká kó ọ̀rá kúrò kí odò lè mọ́. Èmi ni akọ̀wé CDA náà, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní irú odò yìí lẹ́yìnkùlé rẹ̀ mọ̀ pé kíkó ọ̀rá ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó ń pa ẹja odò wa kò ṣeé fi ràkè wọ́ jáde.

Àdúgbò wa wà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Àgọ́-Ìwòyè. Odò náà ò tóbi. Lẹ́ẹ̀rùn, ọmọdé lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Bí òjò oṣù kẹfà àti ìkeje bá dé, á kún dé ẹ̀yìn ilé. Ìhà gúúsù ni ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń ṣàn lọ, níbi tí ọ̀sà wà, tiwa náà sì ń bá wọn lọ, nítorí náà ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló máa bá a. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí odò yìí ní òfin. Òkè ni wọ́n ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ti ìkòkò tó ti dúdú lórí iná bọ̀ ọ́. Olórítún wa, ìyẹn olórí àdúgbò, sọ fún wa pé òun jẹ ẹgba rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé, torí pé òun fọ ẹsẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọnmi. Nígbà tí kànga àti bọ́họ̀ọ̀lù dé agboolé kálukú, kò sẹ́ni tó nídìí láti lọ sódò lójoojúmọ́ mọ́. Ojú tó ń ṣọ́ omi kúrò níbẹ̀, òfin náà sì bá a lọ. Lérò tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ odò wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Oṣù kìíní la bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, omi a fà, ìsàlẹ̀ odò a hàn, àyè á sì wà láti ṣiṣẹ́ kí òjò oṣù kẹta tó máa kó ìdọ̀tí tuntun bọ̀. A mú Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, torí ara àwọn èèyàn ti mọ ọjọ́ yẹn fún ìmọ́tótó àyíká láti ìgbà tí ìjọba ológun ti gbé e kalẹ̀. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ẹni tó bá jẹ́ pé ibi ọdún Ojúde Ọba nìkan ló ti rí wọn, nínú aṣọ àti fìlà, kò tíì mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. A pín etí odò fún wọn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí apá tirẹ̀ dọ̀tí ju ti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ.

Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ ni owó àkọ́kọ́ bá lọ, a ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ lásán wọnú omi. Ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, ejò wà nínú koríko. Àtọ̀sí ajá tún wà: inú ìgbín omi ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, bó bá jáde síta, awọ ara ló ń gbà wọlé, ẹni tó bá kó o á sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wá ṣàlàyé èyí fún àwọn ọ̀dọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tó bá rí i kó má lọ mu àgbo, oògùn rẹ̀ wà nílé ìwòsàn.

Àwọn kan fẹ́ ká háyà katapílà, kó ha gbogbo etí odò náà mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ta kò ó, bí wọ́n bá sì tún gbé e wá lọ́la màá tún ta kò ó. Gbòǹgbò ló ń di etí odò mú kó má ya. Òjìji igi ló ń jẹ́ kí omi tutù, omi tútù sì ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú ju omi gbígbóná lọ. Abẹ́ igi tó wó sínú omi ni ẹja ń sá sí, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Ẹni tó bá ha gbogbo ìyẹn kúrò, gọ́tà ló gbẹ́, kò tún odò ṣe. A gbà níkẹyìn pé ọwọ́ la máa fi ṣe é, a ó ṣí ihò kọ́fáàtì, a ó kó ọ̀rá àti ike, a ó dín ojúoró kù, a ó sì fi igi sílẹ̀.

Kọ́fáàtì la kọ́kọ́ ṣí, torí bí omi tó dúró bá ti rí ọ̀nà lọ, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á hàn. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn ìyá kan se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo wa. A ya ike sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á ní kílò, a kó ìyókù fún ọkọ̀ akólẹ̀, a ò sun ìkankan níbẹ̀.

Ohun kan tí mo gbà níyànjú fún ibikíbi ni okùn ike. A to àwọn ìgò ike tí a dé pa sínú àwọ̀n apẹja tó ti gbó, a so ó mọ́ òpó ọparun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì léfòó lójú omi. A ò nà án gbọọrọ láti etí dé etí o, a jẹ́ kó dagun, kí ìṣàn omi lè máa ti ìdọ̀tí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ọwọ́ ti lè tó o. Omi àti ẹja ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀rá ò lè kọjá. Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fà já.

Òjò oṣù kẹta rọ̀, ojú odò mọ́, síbẹ̀ àwọn ọmọ wá pè wá pé ẹja ń léfòó. Ikùn wọn wà lókè, òórùn kíkan kan sì gba ibẹ̀ kan tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ tó ń gbé ládùúgbò mú pépà tí ń yí àwọ̀ padà wá, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó. 7 ni ti omi tí kò kan rárá; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni omi ṣe kan sí i. Ẹja omi wa fẹ́ láàárín 6.5 sí 8.5. A ń tì í bọ omi bí a ṣe ń gòkè lọ. Níbi tí odò ti wọ àdúgbò wa, pépà náà mú 7. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó gárì, níbi tí omi abẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún gbágùúdá ti ń ṣàn wọnú odò, 4 ló mú.

Gárì wa lókìkí dé ibi tí orúkọ ìlú wa ò dé, kíkan rẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí gbágùúdá lílọ̀ fi wà nínú àpò ló mú kíkan yẹn wá. Gbágùúdá ní oró kan tí wọ́n ń pè ní sayanáìdì. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, oró náà a bọ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àpò sábẹ́ jáàkì, á bá omi jáde. Èyí tó kù á bá ooru iná lọ nígbà tí wọ́n bá ń yan án. Bí gárì ṣe di ohun tó ṣeé jẹ nìyẹn. Omi tó gbé oró náà jáde ló wá kù, ewúrẹ́ tó bá sì mu ún a kú, koríko tí wọ́n bá dà á sí a jó. Sítáàṣì inú rẹ̀ tún ní aburú tirẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ sítáàṣì yẹn nínú odò á lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á wá máa yanu lójú omi títí á fi kú.

Ìpàdé tí a ṣe lórí èyí le. Ọkùnrin kan dìde, ó ní kí Olórítún pàṣẹ kí wọ́n ti ibùdó gárì náà pa. Olórí àwọn ìyá onígàárì jókòó jẹ́ẹ́ títí ọ̀gbẹ́ni náà fi parí. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ ká máa gbé omi yìí mì ni? Ẹ fi ibi tí a máa dà á sí hàn wá, kí ẹ wá wò ó bóyá a ò ní dà á síbẹ̀.” Gbogbo ilé dákẹ́. Láti ọdún tí àwọn ìyá yìí ti ń fún gbágùúdá létí odò yẹn, kò tíì sẹ́ni tó fi ibòmíràn hàn wọ́n rí. Olórítún ní, “Ìyá, ẹ má bínú. A gbọ́.” Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló tún iṣẹ́ wa tò. Láti ọjọ́ náà, a ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí odò mọ́ àfi tí a bá ti ní ibi tí a lè nawọ́ sí fún un.

Kòtò la gbẹ́. Méjì ni, wọ́n tẹ̀ léra. A yan ibi tó jìnnà sí kànga àti odò tó mítà 30, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ṣáláńgá àti kànga, a sì rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò dagun sọ́nà kànga ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ wa jẹ́ yanrìn, omi máa ń yára gbà á kọjá, nítorí náà a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ kòtò méjèèjì nínú. Inú àkọ́kọ́ ni omi abẹ́ jáàkì ń wọ̀, ibẹ̀ ni sítáàṣì ti ń sílẹ̀. Omi tó kù á gba páìpù bọ́ sí ìkejì, tí a kó òkúta, yanrìn àti èédú sí nísàlẹ̀. Eérú ló ń gba kíkan lára rẹ̀, kò sì sí ibi tí eérú pọ̀ sí bí ìdí ààrò gárì. Àwọn ìyá náà ló ń gbọ̀n ọ́n sínú kòtò kejì. A ò bò ó, torí oòrùn àti atẹ́gùn ló ń mú oró sayanáìdì náà fò lọ, àmọ́ a fi ọgbà yí i ká kí ọmọdé àti ewúrẹ́ má bàa débẹ̀. Lẹ́yìn tí omi náà bá ti sinmi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á gba ojú àgbàrá lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. CDA ra búlọ́ọ̀kù, Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ àwọn ìyá ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà náà wà, àwọn fúnra wọn ló sì fi ìtanràn lé ẹni tó bá tún da omi sódò. Wọ́n ń kó sítáàṣì kòtò àkọ́kọ́, wọ́n ń sá a, wọ́n ń tà á fún àwọn alágbàfọ̀.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹfà, a gbin igi sí etí odò níbi tó ti ń ya. Abúrà la yàn fún ibi tó rọ̀, torí ilẹ̀ àbàtà ni ilé rẹ̀, a fi ògùrọ̀ kún un, a gbin ọparun sí ibi tó ga. Àwọn ohun tó mọ ilẹ̀ wa nìyẹn, wọn kì í béèrè ìtọ́jú púpọ̀.

Lẹ́yìn ìdákẹ́ òjò oṣù kẹjọ, pépà náà ti ń mú 6 sí 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó gárì. Epìyà ti padà dé, akàn náà ti ń gbẹ́ ihò létí omi. N kì í sọ pé kí ẹnikẹ́ni bù ú mu, kò tíì débẹ̀. Inú mi dùn, mi ò lè fi bò.

Ọ́ìlì ló kù. Àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì wa ti ń da ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì báyìí, torí a bá wọn wá oníbàárà: àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń fi pa mọ́ọ̀dù, káfíńtà ń fi kun pákó nítorí ikán. Ṣùgbọ́n lókè odò, níbi tí kì í ṣe tiwa, wọ́n ṣì ń fọ mọ́tò sínú omi. Kò sí bí apá kan ṣe lè dá odò tún ṣe. Ẹ wo Ọ̀ṣun, tó ti Èkìtì ṣàn wá, tó kọjá ní Òṣogbo kó tó wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, fi igbó rẹ̀ ní Òṣogbo sí ara ohun àjogúnbá ayé ní 2005, síbẹ̀ àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè ba omi rẹ̀ jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní kí àwọn èèyàn má mu ún mọ́.

A ti kọ lẹ́tà sí CDA àwọn ará òkè odò, wọ́n sì ti fún wa lọ́jọ́. Olórí àwọn ìyá onígàárì ló máa ṣáájú wa lọ, torí òun ló lè sọ fún wọn bí kòtò ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó náni. Èmi ti ra pépà tuntun. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ò ní fi kíkan hàn lórí rẹ̀ o, ọ́ìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ó bu omi wọn àti tiwa sínú ìgò funfun, a ó gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú wọn.