Bí mo ṣe ya ariwo táyà sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo bẹ́ríìnì

Ọkọ̀ Corolla tí mo fi ń ná Kétu sí Àjàṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tó bá ti lé ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, á máa dún hùùù lábẹ́lẹ̀, débi pé n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tì mí mọ́. Ẹnì kan tó ń ta táyà wò ó fẹ̀rẹ̀, ó ní kí n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó táyà mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré. Mo ní kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi.

Mo ti ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀. Mo sáré dé 70, mo yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, mo jẹ́ kó máa yí lọ. Ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, ariwo yẹn kò lọ. Ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà náà.

Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa eyín táyà iwájú. Bí mo ṣe pa á lọ, ó ń dán. Bí mo ṣe dá ọwọ́ padà, ó ń ha mí bí eyín ayùn. Kò sí irọ́ nínú ohun tí ẹni yẹn sọ: táyà tó bá jẹ báyìí gbọ́dọ̀ pariwo. Mo gbé méjèèjì lọ sẹ́yìn, mo kó ti ẹ̀yìn wá síwájú, mo tún bọ́ sọ́nà. Hùùù tẹ̀ lé táyà lọ sẹ́yìn lóòótọ́. Lórí ọ̀dà tó dán, ó máa ń rọlẹ̀. Níbi tí ọ̀dà ti ṣí òkúta, á tún ké sókè. Àmọ́ ohùn mìíràn ṣẹ́ kù síwájú, kùrùrù, tí ọ̀nà dídán tàbí ọ̀nà jíjá kò yí padà.

Láàárọ̀ kùtù, lójú ọ̀nà Ìpọ̀bẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni níwájú tàbí lẹ́yìn wa, mo ní kí àbúrò ìyàwó mi máa wà á ní 60, kó rọra yà sósì díẹ̀, kó tún yà sọ́tùn-ún. Tí ọkọ̀ bá ń yà sósì, ọ̀tún ni ẹrù rẹ̀ máa ń fì sí, bẹ́ríìnì ọ̀tún, irin olóòrùka tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lórí rẹ̀, ni yóò sì gbé e. Bó ṣe yà sósì, kùrùrù le sí i. Bó ṣe yà sọ́tùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ ẹsẹ̀ yín gan-an ló wà!”

Nígbà tí a délé, mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, mo gbé iwájú sókè, mo sì fi irin tì í. Jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán rárá. Mo di táyà ọ̀tún mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì ín. Kò yẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé bẹ́ríìnì dáa, bẹ́ẹ̀ ó lè ti jẹ nínú láìtíì máa mì. Mo gbé ọwọ́ kan lé sípírínì, mo fi èkejì yí táyà. Ó ń gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Ti òsì kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kó pààrọ̀ bẹ́ríìnì ọ̀tún fẹ́ fi òòlù lu tuntun wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ríìnì ní òrùka inú àti òrùka ìta, àwọn ọta kéékèèké ló wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ wọ ilé rẹ̀, òrùka ìta ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀. Bí agbára bá gba ti inú, àwọn ọta náà ni yóò gbà á, wọ́n á dá àpá sára irin, tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìpẹ́. Nígbà tí a tú ògbólógbòó, gírísì rẹ̀ ti dà bí ẹrẹ̀ pupa, irin rẹ̀ ti dógùn-ún. Omi ló ti wọ̀ ọ́.

Kùrùrù ti lọ. Hùùù kékeré ṣì wà lẹ́yìn. Mo ti ní kí wọ́n tún ẹsẹ̀ iwájú tò kó gún, torí àìgún rẹ̀ ló fi eyín ayùn sára táyà yẹn. Méjì péré ni mo máa rà.