Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Gba Iṣẹ́ Ìwé Kọ ní Àbújá, Ẹ Má Ṣe Báyìí

Ẹni tó ń gbé Kubwa tàbí Nyanya, tó ń fi ìwé kíkọ jẹun, mọ̀ pé ewì àti ìtàn àròsọ kọ́ ló ń san owó ilé. Ìròyìn iṣẹ́ àwọn NGO, ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú máa kà lórí pèpéle, ìtàn ìgbésí ayé ọlọ́lá tó fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún: àwọn ló ń san án. Ẹni tó bá ní òun ò ní gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ojúlówó òǹkọ̀wé lòun, òun àti lándílọ́ọ̀dù ni wọ́n á jọ sọ ọ́.

Èyí tó ń dunni jù ni kéèyàn gba iṣẹ́ lẹ́nu lásán, pàápàá lọ́wọ́ ará ilé. Ọnọ́rébù ará Kàbà á pè ọ́ wá sí Maitama pé kó o wá kọ ìtàn ìgbésí ayé òun: “Àbúrò mi, ọmọ ìyá ni wá níhìn-ín. Ṣé èmi àti ẹ náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọwọ́ bọ̀wé ni?” Ojú á tì ọ́, wàá ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n.” Ó tán. Láago mọ́kànlá òru, ohùn rẹ̀ á máa wọlé lórí WhatsApp. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ló kàwé. Nínú ìkẹta, bàbá rẹ̀ ta oko kó tó lè lọ sílé ìwé. Tó bá yá, á ní kó o fi kún un pé òun ló kọ́ afárá abúlé wọn, afárá tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́. Kí lo máa dì mú tí wàá fi ní o ò kọ ọ́?

Bó o bá sì ń kọ ọ̀rọ̀ fún olóṣèlú, má tún máa yìn ín nínú ìwé ìròyìn bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Má tọwọ́ bọ̀wé láì kà á, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lábẹ́ òfin copyright ti 2022, ìyẹn òfin tó ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ọ, tí o kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ìwọ tó kọ ọ́ lo kọ́kọ́ ni ín, àfi bí àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ bá sọ ohun mìíràn. Ìròyìn iṣẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa kó o lọ. Ewì tó o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Ojú ewé kan tó fún àdéhùn: iye owó, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa tún un kọ, orúkọ ta ni yóò wà lára ìwé, àti pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀, o ò ní kọ ọ́. Gba ìdajì owó kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kí ìyókù wọlé kí ẹ̀dà ìkẹyìn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, torí bí wọ́n bá ti kó ìwé jáde tán, Ọnọ́rébù kì í gbé fóònù mọ́.