Ríìdì ifèéfèé àbí ti ike: èwo ló yẹ kílárínẹ́ẹ̀tì yín?

Kí ẹ tó ra ríìdì, ìyẹn abala pẹlẹbẹ tó máa ń gbọ̀n kí fèrè tó dún, ẹ wo ẹnu fèrè yín ná, ìyẹn apá tí ẹ ń fi sẹ́nu. Bí àlàfo tó wà láàárín òun àti ríìdì bá ṣe fẹ̀ tó ni ríìdì yẹn gbọ́dọ̀ ṣe rọ̀ tó. Nọ́ńbà ara ríìdì ló ń sọ bó ṣe le tó. Fún Yamaha 4C, irú ẹnu fèrè tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, nọ́ńbà 2 tàbí 2½ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Pé ẹnì kan ń fọn nọ́ńbà 4 kò ní kó mọ fèrè jù yín lọ o.

Páálí ríìdì ifèéfèé sábà máa ń ní mẹ́wàá nínú, gbogbo wọn kọ́ ló sì máa dún dáadáa. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ fọn ọ́n fún ìṣẹ́jú 5 péré lọ́jọ́ kìíní, 10 lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi bírò kọ 1 dé 4 sídìí ríìdì mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa lò wọ́n ní yípoyípo. Lásìkò ọyẹ́, orí rẹ̀ máa ń hunjọ, afẹ́fẹ́ á sì máa jò: ẹ rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì títí á fi tẹ́jú. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá ní tútù, á bu.

Ti ike kò nílò omi. Ẹni tó ń fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé fèrè sílẹ̀ títí ìwàásù á fi parí, òun ni mo rò pé ó yẹ jù. Ẹyọ kan lè wọ́n tó odindi páálí ti ifèéfèé, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́jọ́. Légère, ilé iṣẹ́ ríìdì ike ní Kánádà, ń ṣe nọ́ńbà 2.25, 2.5 àti 2.75, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu, nítorí náà ẹni tó ń lo ifèéfèé 2½ lè kọ́kọ́ dán 2.25 wò. Itọ́ kì í wọ inú ike, ńṣe ló máa ń gbárajọ tí ohùn á máa hó. Ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú gììrì láìyọ fèrè lẹ́nu. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi gbígbóná.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ìdè, ìyẹn òrùka tó ń di ríìdì mọ́ ẹnu fèrè, ni kó kọ́kọ́ wọlé, kẹ́ ẹ tó ki ríìdì bọ abẹ́ rẹ̀, kí orí rẹ̀ má baà ṣẹ́. Kí dúdú ẹnu fèrè yọ lókè rẹ̀ bíi fọ́nrán irun kan. Tí ohùn bá wúwo, tí èémí pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀. Tó bá tínrín tó sì ń pa dé, ẹ tì í sókè. Bí ti ifèéfèé bá ṣì ń han gooro, ẹ yí fèrè kí ètè tẹ ìhà kan ríìdì pa, kí ìhà kejì nìkan máa dún, kẹ́ ẹ fọn, kẹ́ ẹ tún yí i sí ìhà kejì. Ìhà tó bá le jù ni kẹ́ ẹ fi sáńpépà 600, èyí tó kúnná, ra lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì tún un dán wò. Ẹ má fi kan orí rẹ̀ gan-an, ẹ má sì dán an wò lára ti ike.